Àtàǹpàkò Ọlọ́ṣẹ Kì í Tẹ Ìwé Mọ́

Èmi tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Ìyá Ọlọ́ṣẹ, opó awakọ̀, ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta, ni mo ń fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé ìhágún yìí. Orí mi pé. Àyà mi ló ń já. Lọ́la ni wọn yóò ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi, wọ́n á sì fún mi ní oògùn oorun. Oorun yẹn gan-an ni mò ń bẹ̀rù. Alága ẹgbẹ́ obìnrin wa àti olùkọ́ ẹgbẹ́, ẹ̀yin méjèèjì ni mo fi ṣe alámòójútó.

Èkíní. Ilé iwájú kò sí lọ́wọ́ mi láti hágún. Lọ́jọ́ tí ọkọ mi kú, àbúrò rẹ̀ gbé ìwé kan wá, ó ní ti ìsìnkú ni. Mo ń sunkún, mo sì tẹ̀ka. Àṣé ilé ni mo tẹ̀ka lé e lọ́wọ́. Ọkùnrin yìí bá mi sunkún lọ́jọ́ náà o!

Èkejì. Ilé ọṣẹ ẹ̀yìnkùlé àti ilẹ̀ rẹ̀, ìkòkò ńlá méjì, àti ọ̀bẹ tí mo fi ń gé ọṣẹ, ti ọmọbìnrin mi ni. Owó tí ẹgbẹ́ yá mi láti fi ra ilẹ̀ náà, mo ti san án tipẹ́. Ìwé kíkà tí wọ́n kọ́ mi ní ìpàdé ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, mi ò lè san ìyẹn láé. Òun ló jẹ́ kí n fúnra mi ka ìwé ilẹ̀ yìí kí n tó buwọ́ lù ú, tí agbẹjọ́rò tí ẹgbẹ́ mú wá jókòó tì mí. Ọmọ mi, ṣọ́ra fún àbúrò bàbá rẹ. Lánàá ó gbé èso wá kí mi ní ọsibítù. Mo rí agolo yíńkì tí wọ́n fi ń tẹ̀ka nínú àpò rẹ̀. Mo ki ọwọ́ mi bọ abẹ́ aṣọ.

Ẹ̀kẹta. Ewúrẹ́ dúdú di ti aládùúgbò mi, Ìyá Aláriwo. Ọdún mẹ́sàn-án la fi jà nítorí pé ewúrẹ́ náà ń jẹ aṣọ tí Ìyá Aláriwo bá sá. Ó yá, kó máa jẹ ẹ́ lọ, ó ti di tirẹ̀.

Ẹ̀kẹrin. Àpótí igi tí mo fi ń da ọṣẹ, kó padà sọ́dọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà tó kàn án. Gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹ̀ẹ̀mejì lo ní kí n fẹ́ ọ, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Irọ́ ni mo pa. Mo fẹ́ràn rẹ. Ẹ̀rù ọkùnrin tó ń gbé ìwé wá ló bà mí, bẹ́ẹ̀ ìwọ kò gbé nǹkan kan wá rí ju àpótí lọ.

Ẹ̀karùn-ún. Bí mo bá kú, tí ìwé mìíràn sì jáde tí ó ní ìka mi, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Sódà tí mo fi ń se ọṣẹ ti jẹ ìlà àtàǹpàkò mi tán, ó ń dán bí àwo. Bí ìka náà bá ní ìlà, kì í ṣe tèmi. Bí kò bá sì ní, nínú oorun tàbí lẹ́yìn ikú ni wọ́n fi ìka mi tẹ̀ ẹ́, nítorí èmi kì í tẹ̀ka mọ́. Mo ń kọ orúkọ mi.

Alága, jọ̀wọ́, jókòó tì mí lọ́la. Di ọwọ́ mi mú títí n ó fi jí. Bí mi ò bá jí, má tíì fi ọwọ́ náà sílẹ̀.

Mo fi kálámù buwọ́ lù ú: Ìyá Ọlọ́ṣẹ. Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹta.

Ẹlẹ́rìí kìíní: nọ́ọ̀sì ọ̀sán.

Ẹlẹ́rìí kejì: aránṣọ tó wà ní ibùsùn kejì. Ó tẹ̀ka. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á fún un kó tó tẹ̀ ẹ́. Bí mo bá jí, màá kọ́ ọ ní ìwé.