Mo Lè Kọ Ọ́, N Ò Lè Kà Á

Ẹ kú ilé o, Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Orí ìjókòó ni mo ti ń kí yín, orúnkún mi ò gba ìdọ̀bálẹ̀ mọ́. Tiyín náà ò kúkú gba ìkúnlẹ̀. Ẹ bá mi kí àwọn ìyàwó ilé, pàápàá èyí tó máa ń bu ẹran kékeré fún mi.

Mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ rán Gbàdé ọmọ yín wá kó mi kúrò ní Bìní, pé orí mi ti dàrú. Orí mi ò dàrú. Ẹ̀jẹ̀ ló dí níbì kan nínú ọpọlọ mi. Mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo wo pátákó tí mo fọwọ́ ara mi kọ síwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní Iyaro, ó dà bí ipa ẹsẹ̀ adìyẹ nínú iyanrìn. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ pátákó kíkọ ni mo fi ń jẹun níbí. Síbẹ̀, ẹ fún mi ní búrọ́ọ̀ṣì, màá kọ orúkọ yín láì ṣàṣìṣe. Lẹ́tà yìí, èmi náà ni mò ń kọ ọ́. N ò kàn lè ka ohun tí mo kọ ni.

Dókítà wa, ọmọbìnrin Ìjẹ̀bú kan, fi àwòrán orí mi hàn mí. Ó ní èèpo ọpọlọ pín ní àdúgbò àdúgbò: apá ìpàkọ́ ló ń ríran, ẹ̀gbẹ́ òsì ló ni ọ̀rọ̀, òkè ló ń darí ọwọ́. Mo ní bí Ọjà Ọba wa níbí náà ni, ìsọ̀ aṣọ kì í ta ẹja. Ó ní ìsọ̀ ọ̀rọ̀ mi ṣí, ti ọwọ́ ṣí, ọ̀nà tí lẹ́tà ń gbà láti ojú dé ìsọ̀ ọ̀rọ̀ ló bàjẹ́. Mo bi í pé àdúgbò wo ni àpárá mi ń gbé. Ó ní ó ṣeni láàánú, ibẹ̀ ò fara pa rárá. Ẹ̀gbọ́n mi, ohun ńlá ni Ọlọ́run kó sábẹ́ fìlà èèyàn.

Iṣẹ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Mò ń kọ pátákó fún onípákó kan ní Airport Road, mo dúró fi oníbọ̀ọ̀lì ṣẹ̀fẹ̀, nígbà tí mo padà, n ò mọ ibi tí mo dé. Mo bá kọ orúkọ Ọlọ́run tó ní kí n fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Onípákó ní ọ̀kan ti tó òun.

Dókítà wá kọ́ mi pé kí n máa fi ìka tọ ara lẹ́tà, ọwọ́ á gba ọ̀nà tirẹ̀ sọ fún ìsọ̀ ọ̀rọ̀. Ó ń lọ bí ìgbín, àmọ́ ó ń lọ. Lánàá, ìyàwó mi gba àtẹ́lẹwọ́ mi, ó fi èékánná kọ nǹkan sí i díẹ̀díẹ̀. Mo pa ojú dé, mo kà á: àgbàyà. N ò tíì ka ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Torí náà, kí Gbàdé wá kí wa, kó má wá kó wa. Ẹ̀mí yín á gùn, ọ̀nà kankan ò ní dí nínú yín. Ẹ kí gbogbo ilé. Ẹ kọ èsì yín gàdàgbà-gàdàgbà, ìka mi á kà á.

Èmi àbúrò yín, ọmọ yín tí ẹ pọ̀n tí kò tíì gbọ́n.