Bọ́ọ̀lù tí Sàfú kì í dá dúró

Ẹ̀pẹ́, ọjọ́ Ẹtì, 1862

Àwọn ará Èkó tó sá wá bá wa nígbà ogun ti gbàyè láti padà sílé. Lọ́la ni ọkọ̀ Sàfú ọ̀rẹ́ mi yóò ṣí.

Nírọ̀lẹ́ yìí, èmi, òun àti Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi tún ṣe eré ọ̀pá tí mo kọ́ nílé ìwé ní Sàró. Ó pẹ́ tí mo ti ń kọ́ Sàfú bí a ṣe ń fi orí ọ̀pá dá bọ́ọ̀lù àkísà dúró. Ńṣe ló máa ń kọjá lára rẹ̀ wọ yàrá iyọ̀ mi. A ó wọlé wá a, a ó jókòó sórí àpò iyọ̀, ọ̀rọ̀ á sì gùn.

Lónìí, mo gbá a kíkankíkan. Sàfú dá a dúró wẹ́rẹ́.

Àbẹ̀kẹ́ pariwo: "Háà! Ìyá Èkó, ẹ ti mọ̀ ọ́n!"

Sàfú rẹ́rìn-ín. "Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, Ìyá Àbẹ̀kẹ́. Bí mo bá ń dá a dúró, kí ni ì bá máa gbé wa wọlé?"

Èmi tí ẹnikẹ́ni kò lè fi òṣùwọ̀n rẹ́ jẹ lọ́jà Ẹ̀jìnrìn, Sàfú fi bọ́ọ̀lù tàn mí jẹ!

Mo ní kí ó gbá tirẹ̀ wá. Mo gbé ọ̀pá mi sókè, mo jẹ́ kí ó kọjá. A wọlé lọ wá a, a jókòó sórí àpò iyọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Bọ́ọ̀lù náà ṣì wà láàárín àpò iyọ̀. N kò gbé e jáde.