Àwọn Tó Fẹ́ Gbé Pátákó Kọ́ Yàrá Rẹ

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ tó ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta, mo sì kí àwọn ọmọ. Orúnkún ìyàwó mi ṣì ń dùn ún, ẹnu rẹ̀ nìkan ni kò rẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí o fi ránṣẹ́ dé, o ṣeun.

Ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀. Ìjọba ní iléeṣẹ́ tó bá wá sí abúlé wa kò ní san owó orí fún ọdún mẹ́wàá, kí àwọn ọmọ wa lè ríṣẹ́. Ni ọkùnrin onítáì kan bá dé, ó fẹ́ háyà yàrá tí bàbá rẹ fi sílẹ̀ fún ọ. Owó háyà náà ti wọ àbúrò rẹ lójú.

Mo ní, "Ọ̀gá, èèyàn mélòó lẹ máa gbà síṣẹ́?"

"Kò sí, Bàbá. A kàn máa gbé pátákó kọ́ ẹnu ọ̀nà, ká sì ti yàrá pa. Ìgboro la ti ń ṣiṣẹ́."

"Ṣé pátákó ló máa gba àwọn ọmọ wa síṣẹ́?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí nu bàtà.

Ọmọ mi, lọ́jọ́ tí ìjọba bá ń wá ọkùnrin tó ń sá fún owó orí yìí, ilẹ̀kùn ta ni wọ́n máa kàn? Jọ̀ọ́, pe àbúrò rẹ, kí o sọ fún un pé o kọ̀.

Ibi tí o bá tẹ̀ á rọ̀ fún ọ. Bàtà mi ti lu, rántí mi. Kí o tó fèsì, mo ti da ewúrẹ́ mi sínú yàrá náà. Bí agbowó-orí bá yọjú, á bá òṣìṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́.

Èmi ni, àbúrò bàbá rẹ.