Ètò Tó Ń Ṣọ́ Fáìlì

Màámi, ẹ kú ojú lọ́nà mi. Òtútù ibí ò tu irun kan lára mi o!

Mo kọ ètò kan sínú ọkàn kọ̀ǹpútà mi, lórí Linux, ètò àgbà tó ń darí rẹ̀. Bí ẹ ṣe máa ń jókòó sẹ́nu géètì wa ní Ìdímù, tí ẹnikẹ́ni ò lè kọjá láìdá yín lóhùn, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe. Ohun tó bá fẹ́ ka fáìlì, á dá a dúró, á kọ orúkọ fáìlì náà sílẹ̀, kó tó ní kó máa lọ.

Ọ̀gá mi yẹ àkọsílẹ̀ rẹ̀ wò lánàá. Ó ní kí ló wà nínú fáìlì tí mo ṣí nígbà mọ́kàndínlógún láàárọ̀ kan ṣoṣo? Mo ní mò ń dán iṣẹ́ wò ni.

Ohùn yín tí mo gbà sílẹ̀ ni jàre, níbi tí ẹ ti ń bá mi jà pé mi ò di súwẹ́tà sẹ́rù.

Ẹ bá mi kí Hamdalah àbúrò mi. Ẹ sọ fún un pé àárò ilé ò sọ mí rárá.

Mubarakah yín