Àpọ̀n Tí Kò Fà Mọ́

Ọjọ́ Ajé, 10 Oṣù Kọkànlá, 2025
Òfo tún ni. Kò sí bakitéríà kan nínú abọ́ láàbù mi tó lè tú yíyọ̀ àpọ̀n. Mo ti bu erùpẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń fún epo ní Akotogbo, mo ti bu omi ẹ̀gẹ́ ní Igbotako — òfo. Gíláàsì (Dókítà Adéjọbí, ọ̀gá tó ń darí iṣẹ́ àṣejáde mi) ní bí mi ò bá rí nǹkan kan títí ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí n lọ tún iṣẹ́ mìíràn bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ni pé àwọn ẹgbẹ́ mi á jáde, èmi á dúró de àwọn àbúrò. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15
Yèyé — àbúrò màmá mi tí mò ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀ — se àpọ̀n fún ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ọ̀la. Obìnrin yìí, àpọ̀n ni ògo ẹ̀. Ó ní kí n ṣọ́ ìkòkò. Eṣinṣin ń dààmú mi. Mo dé e ní gbígbóná, mo lọ sùn.

Ọjọ́ Àìkú, 16
Yéè. Àpọ̀n ti di omi lásán. Àwọn àlejò láti Osooro bu òkèlè, ọbẹ̀ ń ṣàn lọ́wọ́ wọn sára sùtánà funfun. Yèyé ní, ta ló ń dé àpọ̀n, ṣé wọn ò kọ́ mi nílé ni? Láti ìgbà náà, kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ojú tì mí gan-an.

Ibi tí mo ti ń fọ ìkòkò ni ọkàn mi ti lọ sí iṣẹ́ láàbù mi. Okùn ṣúgà gígùn ló ń mú kí àpọ̀n fà. Ta ló wá gé e mọ́jú? Mo sáré rọ ìyókù sínú ìgò.

Ọjọ́ Ajé, 17
Ó ti wà nínú abọ́ láàbù. Yèyé ò dáhùn ẹ káàárọ̀ mi.

Ọjọ́rú, 19
ÒRÙKA. Mo da aró pupa sínú abọ́, gbogbo ẹ̀ pọ́n, àfi àyíká bakitéríà kan ṣoṣo — ibẹ̀ mọ́ roboto. Ẹ́ńsáìmù ẹ̀ ti gé yíyọ̀ àpọ̀n wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Mo jó. Gíláàsì náà jó díẹ̀, mo rí i.

Ọjọ́ Ẹtì, 21
Gíláàsì ti fọwọ́ sí i. Mo máa bá ẹgbẹ́ mi jáde. Ó ní kí n fún bakitéríà náà lórúkọ, mo pè é ní Eunice Kìíní, orúkọ Yèyé. Mo délé, mo kúnlẹ̀ sọ fún un. Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, ṣé ìdérí yẹn náà ló ṣe é? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni ma, ooru tó há sábẹ́ ẹ̀ ló jẹ́ kí bakitéríà rí ààyè pọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 23
Ìdúpẹ́. Yèyé tún se àpọ̀n, kò dé e. Ó dìde jẹ́rìí níwájú ìjọ pé kòkòrò inú ìkòkò ọbẹ̀ òun ló gbé ọmọ òun débi ògo. Halelúyà gba ilé kan.

Oúnjẹ dé. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan àpọ̀n. Wòlíì ìjọ wa ní òun ń gbààwẹ̀ — lọ́jọ́ Ìsinmi. Ojú Yèyé rẹ̀ wálẹ̀. Mo fa abọ́ mọ́ra, mo bu òkèlè ńlá, mo gbé e sókè kí gbogbo wọn rí i. Ó fà láti inú abọ́ títí dé ẹnu mi. Kò já.