Àáró Ẹni Mẹ́fà àti Afárá Tó Wó

Abà Ìdí-Àràbà, lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́,
Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹta, 1963.

Nọ́fíù ọmọ mi,

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí lẹ́tà yìí bá ọ lẹ́nu iṣẹ́ ní Port Harcourt, kì í ṣe lórí ibùsùn. Mo ka tìrẹ lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì rí ohun tó bàjẹ́. Afárá ẹlẹ́sẹ̀ tí ẹ̀yin mẹ́fà ń ṣe fún àwọn ará Rumuolumeni ti wó sínú omi. Ibiere, ọmọbìnrin àárín yín, mọ̀ pé ẹrẹ̀ ibẹ̀ kò lè gbé òpó, ẹ ní kó jókòó. Ìwọ náà mọ̀, o kò fẹ́ dá yàtọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Adékọ̀yà, tíṣà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì fi ṣe olùdámọ̀ràn yín, mọ̀ láti ọ̀sẹ̀ kejì, ìbéèrè ni wọ́n kàn ń bi yín. Èmi tí mo kọ́ ìwé ìṣòwò l'Ékòó, bí akọ̀wé mi bá rí ikán lára òpó, tó wá ń bi mí pé kí ni mo rò nípa ikán, n ó ní kó máa lọ sílé ni.

Àlàáfíà la wà, ewúrẹ́ ìyá rẹ tilẹ̀ bí ìbejì, ṣùgbọ́n afárá odò tiwa náà ti lọ, àwọn obìnrin ń ru iṣu la omi kọjá, òjò ò sì tíì bẹ̀rẹ̀. Tó bá bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò dé ọjà, iṣu á jẹrà mọ́ wa lọ́wọ́.

Ìdí nìyí tí inú mi fi dùn nígbà tí mo kà pé ẹ̀yin mẹ́fà tẹ́ ẹ jọ wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì lẹ jọ ń ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo títí yóò fi parí. Mo ní èyí ò ṣòroó mọ̀, àáró ni. Rumuolumeni lẹ kọ́kọ́ ṣe fún, ta ló wá kàn? O kò kọ ọ́. Ètò wo nìyẹn? Mo ti fi wá sí ipò kejì, mo sì ti sọ fún gbogbo abà. Wọ́n ti gé igi ayìn tá a ó fi ṣe òpó sílẹ̀, ìyá rẹ ti ya adìyẹ mẹ́ta sọ́tọ̀, nítorí ẹni tó gba àáró ní ń bọ́ àwọn alááró. Wahab aládùúgbò wa ní kì í ṣe àáró, pé nítorí máàkì ni. Mo ní ṣé orí máàkì ni àwọn ará Rumuolumeni yóò tẹ̀ kọjá.

Ìyá rẹ ní kí n yé bú tíṣà. Ó ní ta ló rí ikán lára òpó afárá tiwa láti èṣí, tó dákẹ́, tó ní kí àwọn ọ̀dọ́ abà fojú ara wọn rí i kí wọ́n lè gbọ́n. Èmi ló ń bá wí; mo bá mú kálàmù, mo ń kọ lẹ́tà mi lọ.

Nítorí náà, ẹ tún ti Rumuolumeni ṣe kó dúró, kí Ibiere ṣáájú. Lẹ́yìn náà, ẹ̀yin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà àti Ọ̀gbẹ́ni Adékọ̀yà, kí ẹ dé síbí ní Sátidé, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹrin, ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú Iléyá. Owó tí ǹ bá béèrè lọ́wọ́ rẹ, fi wọkọ̀ wá. Kí tíṣà mú ìbéèrè wọn dání. Èmi àti wọn yóò jókòó sétí odò, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí ikán ni kó kọ́kọ́ la ẹnu.

Ohun tí o bá fọwọ́ gbé ró kò ní wó lójú rẹ mọ́. Fèsì kó tó di ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹrin, nítorí adìyẹ mẹ́ta kò tó ẹni méje, n ó ní láti wá ìkẹrin.

Èmi bàbá rẹ,
Ọ̀ṣẹ́nì