Abọ́ Àǹtí Mi

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta

Ooru Ìlobù yìí fẹ́ pa èèyàn. Páànù ilé wa ti ń ta pá-pá láti aago mọ́kànlá. Mo ti pinnu: láti òní lọ, inú ìwé Àǹtí Rìnsọ́lá, ẹ̀gbọ́n mi, ni n ó ti máa wo oúnjẹ sè. Ó kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé náà pé "Oúnjẹ Ìgbà Ooru – Kì í Gba Iná Púpọ̀". Méjìlá ló wà níbẹ̀. Ìkejìlá ò parí. "Ìrẹsì àgbọn... fi iyọ̀" – ibẹ̀ ló dúró sí.

Oṣù mẹ́rin rèé tí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde mú un lọ. Láti ìgbà náà Tíṣà ò jẹun mọ́. (Màmá mi ni Tíṣà. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀.) Dádì pè láti Àkúrẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní bí àwọn bá dé níparí oṣù tí Màmá ṣì rí báyìí, ọsibítù tààrà. Wọ́n ní ojú mi làwọn ń wò. Ojú mi! Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Sóbò. Ìwé ní: ìkúnwọ́ iṣápá pupa méjì, atalẹ̀ gígún, kànáfùrù márùn-ún, èèpo ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Kó hó lẹ́ẹ̀kan péré, kó o sẹ́ ẹ. "Jẹ́ kó tutù kó o tó fi ṣúgà sí i, Ọláṣùmbọ̀. Mo mọ̀ ẹ́."

Ó kọ orúkọ mi síbẹ̀. Mo jókòó sórí àpótí, mo sunkún, sóbò hó títí ó fi korò.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Lẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀. Tíṣà dé láti iléèwé wọn ní Ìfọ́n, wọ́n ní ààwẹ̀ làwọn ń gbà. Àwáwí ti dé. Ìyá Jàlálù, aládùúgbò wa, náà ń gba Ràmádáànì tiwọn. Èmi nìkan ni ọ̀jẹun kù ní gbogbo àgbàlá yìí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Ẹ̀kọ tútù. Mo fọ́ ẹ̀kọ sínú omi tútù, mo pò ó, mo fi mílíìkì, ṣúgà àti ẹ̀pà yíyan sí i.

Mo ṣàṣìṣe. Àgbà la kọ́kọ́ ń bu oúnjẹ fún nílé wa – Tíṣà, Àǹtí, èmi – ọwọ́ mi ṣáà bu mẹ́ta. Kí n tó mọ̀, oúnjẹ ti wà nínú abọ́ Àǹtí, abọ́ tánganran aláwọ̀ ewé tó ti họ lẹ́nu. Mi ò lè dà á padà. Ta ní í gba oúnjẹ padà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ẹ̀? Mo dé e, mo lọ sí lẹ́sìn JAMB.

Aago márùn-ún ààbọ̀ ni mo dé. Abọ́ Tíṣà wà bí mo ṣe fi í sílẹ̀. Ti Àǹtí ti ṣófo. Ó ti di fífọ̀. Ó dojú dé lójú fèrèsé, ṣíbí wà lórí ìdí ẹ̀, bí Àǹtí ṣe máa ń gbé e gẹ́lẹ́.

Mo gbé e símú, òórùn ọṣẹ ni.

Ẹtì, ọjọ́ keje

Mo bi Tíṣà. Wọ́n ní àwọn ò dé kíṣìnnì, àwọn ń sùn.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Mo mọ̀ọ́mọ̀ bù ú lónìí. Èkuru pẹ̀lú ata díndín. Ṣíbí méjì péré – Àǹtí kì í jẹun púpọ̀. Mo lọ sí lẹ́sìn, mi ò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tí wọ́n kọ́ wa.

Ó tún ṣófo.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Ó ṣófo.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Mo sọ fún Ìyá Jàlálù. Mo kọ́kọ́ fọgbọ́n bèèrè bóyá Jàlálù ń wọ kíṣìnnì wa. Wọ́n ní Jàlálù wà ní Ìlọrin láti ọjọ́ yìí. Nígbà tí mo rò ó tán, wọ́n ní, "Ẹni tó bá ń bu oúnjẹ fún òkú, òkú á máa bọ̀ wá jẹ ẹ́." Wọ́n ní kí n jáwọ́. Wọ́n ní bí ẹnikẹ́ni bá pè mí nínú oòrùn ọ̀sán, kí n má dáhùn àfi tí mo bá rójú ẹ̀.

Mo fẹ́ jáwọ́ o. Ṣùgbọ́n ká sòótọ́ – ẹ̀rù ń bà mí, inú mi sì ń dùn. Bó bá ń jẹun, ó wà níbì kan nìyẹn.

Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mò ń ge ìbẹ́pẹ lọ́sàn-án, mo gbọ́ "Ṣùmbọ̀" láti ọ̀nà yàrá Àǹtí. Mi ò dáhùn. Àánú ẹ̀ ṣe mí títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Òòyì kọ́ Tíṣà níwájú àwọn ọmọ kíláàsì wọn. Ọ̀kadà ni wọ́n fi gbé wọn wálé láti Ìfọ́n. Aṣọ ọrùn wọn á gba èèyàn méjì. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹun. Wọ́n ní àwọn ń jẹun. Irọ́! Ṣebí èmi ni mò ń da oúnjẹ wọn nù lójoojúmọ́.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní lẹ́sìn ò wá. Aago mẹ́ta ni mo padà délé.

Ilẹ̀kùn yàrá Àǹtí ṣí sílẹ̀. Tíṣà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, abọ́ aláwọ̀ ewé wà lórí ẹsẹ̀ wọn. Móínmóín kan ṣoṣo tí mo bù fún Àǹtí, wọ́n ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Wọ́n rí mi. Wọn ò gbé abọ́ sílẹ̀.

"Tèmi ò ṣeé gbé mì," wọ́n ní. "Kí n jẹun yó lẹ́yìn ọmọ tí mo bí? Ṣùgbọ́n o bu tiẹ̀ sílẹ̀ fún un. Mo ní kí n bá a jẹ ẹ́."

Mo bọ́ bàtà, mo wọlé.

"Òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ. Àwọn àbúrò bàbá yín gbé e lọ, wọn ò fi ibẹ̀ hàn mí, n ò sì gbọdọ̀ bèèrè. Inú abọ́ yìí nìkan ni mo ti ń rí i."

Mo jókòó tì wọ́n. Èmi mọ ojú oórì náà. Mi ò sọ ọ́. Ó dùn mí pé kì í ṣe Àǹtí ló ń wá jẹun, ó dùn mí bí ọjọ́ tó kú.

Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Mi ò bu ti Tíṣà lónìí.

Ìkejìlá ni mo sè, ìrẹsì àgbọn. Mo fún wàrà àgbọn, mo fi se ìrẹsì, mo jẹ́ kó tutù. Iyọ̀ ni mi ò mọ ìwọ̀n ẹ̀, mo kàn wọ́n ọn sí i. Mo bu ti Àǹtí kún dẹ́nu, mo kó ẹja lé e. Mo dé e. Mo lọ sí lẹ́sìn.

Aago márùn-ún ààbọ̀. Abọ́ ti dojú dé lójú fèrèsé, ṣíbí lórí ìdí ẹ̀. Kò ṣẹ́ku ìrẹsì hóró kan. Ìwé oúnjẹ wà ní ṣíṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Níbi tí Àǹtí dúró sí, Tíṣà ti fi báírò pupa tí wọ́n fi ń máàkì parí ẹ̀:

"Iyọ̀: ṣíbí kékeré kan ààbọ̀. Tòní ò tó. Ẹ̀gbọ́n ẹ ló ní kí n kọ ọ́."